Arthur Holly Compton: Ọmọ Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó Dán Ìmọ́lẹ̀ Wò

Lọ́dọọdún, nígbà tí ó bá tó àkókò fún àwọn ọmọ wa láti yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọn yóò tẹ̀lé ní kíláàsì àgbà, ìbéèrè kan a máa jẹ yọ láàárín àwọn òbí ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní àwọn ìlú Àkókó yòókù. Òbí tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ físíìsì kò ní gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ọmọ òun. Àwọn mìíràn gbà pé ọmọ tí ó ní ìfẹ́ sí iṣẹ́ Olúwa, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ni ó yẹ kí ó gbà lọ, kí ó fi ẹ̀rọ àti ìṣirò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nínú ìwé ìròyìn àjọ̀dún yìí, a kò fẹ́ fi àríyànjiyàn dáhùn ìbéèrè náà. Ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni a fẹ́ fi dáhùn rẹ̀, ẹni tí òun àti bàbá rẹ̀ ti dojú kọ ìbéèrè kan náà ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Arthur Holly Compton ni orúkọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mọ orúkọ náà nítorí iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní Compton effect, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ irú ilé tí ó ti jáde wá.

Ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà

A bí Compton ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1892 ní ìlú Wooster, ìpínlẹ̀ Ohio, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Elias, bàbá rẹ̀, jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Presbyterian, ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wooster, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ náà dá sílẹ̀. Otelia, ìyá rẹ̀, wá láti ìdílé àwọn Mennonite, àwọn Kristẹni tí kì í gbé ohun ìjà. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀ níwájú.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta ìdílé yìí lọ́rẹ, Arthur sì ni àbíkẹ́yìn. Karl, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, di olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts tí gbogbo ayé mọ̀ sí MIT. Wilson náà di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní ìpínlẹ̀ Washington. Mary, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Íńdíà gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni.

Láti ìgbà èwe ni Arthur ti ń wo ojú ọ̀run. Ní ọdún 1910, nígbà tí ìràwọ̀ onírù tí a ń pè ní Halley yọ, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún yìí ya àwòrán rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ̀ńjìnnì, ó sì fò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Wooster, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ó rò ó bóyá iṣẹ́ ìwàásù tàbí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni Ọlọ́run pè é sí. Bàbá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníwàásù, ni ó gbà á nímọ̀ràn. Ó jẹ́ kí ó yé ọmọ rẹ̀ pé, bí ó bá jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ìsìn tí yóò ṣe fún Ọlọ́run ní yàrá ìwádìí níye lórí ju èyí tí ì bá ṣe lórí àga ìwàásù lọ. Arthur gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Princeton, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1916. Ní ọdún náà gan-an ni ó gbé Betty McCloskey, tí wọ́n jọ kàwé ní Wooster, níyàwó.

Ohun tí ó rú àwọn onímọ̀ lójú

Kí iṣẹ́ tí ó sọ Compton di olókìkí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àwọn òkè Ọ̀kà. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ tí ó ké, gbohùngbohùn yóò dá a lóhùn. Ohùn tí ó padà wá lè má lágbára tó èyí tí ó jáde lọ, ṣùgbọ́n kì í yí padà: ohùn tín-ín-rín ọmọdé kì í padà wá gẹ́gẹ́ bí ohùn kíkẹ̀ àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé ó rí fún ìmọ́lẹ̀ àti fún ẹ́ksíréè, tí òun náà jẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí. Wọ́n gbà pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ J. J. Thomson, bí ìgbì ẹ́ksíréè bá kan ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ohun kan, ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù náà yóò mì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìgbì náà, yóò sì tú ìgbì mìíràn jáde tí gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò bá ẹ̀kọ́ yìí mu. Àwọn kan ti ṣàkíyèsí pé ìtànṣán tí ó tú ká lẹ́yìn tí ó kan nǹkan kì í lè wọlé jìnnà mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó dà bí ẹni pé gbohùngbohùn padà wá ní ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí a ké lọ.

Compton wá àlàyé. Èyí tí ó kọ́kọ́ rí ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù má kéré tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó ní ó lè dà bí òrùka tí ó tóbi tó ìgbì ẹ́ksíréè fúnra rẹ̀. Ó kọ èyí sílẹ̀, ó sì gbèjà rẹ̀. Ní ọdún 1919 ó lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Cavendish lábẹ́ Ernest Rutherford. Níbẹ̀ ni ó ti tún rò pé bóyá ohun tí ìtànṣán kàn ni ó ń tú irú ìtànṣán tuntun kan jáde láti inú ara rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1920, ó yan Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ibi tí àwọn gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì kò pọ̀ sí nígbà náà, kí ó lè ráyè fi ọkàn ara rẹ̀ ro nǹkan láìsí pé èrò àwọn ẹlòmíràn ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìdánwò náà àti ìdáhùn rẹ̀

Ní St. Louis, Compton ju ìtànṣán ẹ́ksíréè lu graphite, èyí tí a fi ń ṣe inú pẹ́ńsù tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ̀wé. Ó wá fi kírísítálì wọn gígùn ìgbì ìtànṣán tí ó tú ká ní oríṣiríṣi igun. Gígùn ìgbì tí ó jù wọlé jẹ́ nǹkan bí 0.71 angstrom. Angstrom kan ni ohun tí a óò rí bí a bá pín mítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní igun 90, ó rí i pé apá kan nínú ìtànṣán náà padà wá láìyí padà, ṣùgbọ́n apá kejì ti gùn sí i pẹ̀lú nǹkan bí 0.024 angstrom. Bí igun náà ṣe ń fẹ̀ sí i ni àfikún náà ń pọ̀ sí i.

Iye yìí kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó wó èrò àtijọ́. Compton padà sí èrò kan tí Albert Einstein ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1905, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ kọ̀ láti gbà: pé ìmọ́lẹ̀ a máa rìn ní ẹyọ ẹyọ, gẹ́gẹ́ bí hóró, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní agbára tirẹ̀. Ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ ẹ́ksíréè kan tí ó kọlu ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù kan yóò ṣe bí bọ́ọ̀lù tí ó kọlu bọ́ọ̀lù mìíràn. Èyí tí a kọlù yóò sún, yóò sì gba díẹ̀ nínú agbára èyí tí ó kọlù ú. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá pàdánù agbára, ìgbì rẹ̀ yóò gùn sí i. Nígbà tí Compton fi ìṣirò wá iye tí ó yẹ kí ó fi gùn, iye tí ìṣirò fún un bá èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n mu. Ìṣirò kan náà fi hàn pé igun nìkan ni ó ń pinnu àfikún náà, kì í ṣe irú ohun tí ìtànṣán kàn.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dúró díẹ̀. Láti gba ìdáhùn yìí, Compton ní láti sọ àlàyé tirẹ̀ nù, àwọn èyí tí ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ojú ayé. Kò fi wọ́n pamọ́, kò sì lọ́ òótọ́ tí ẹ̀rọ sọ kí ó lè bá wọn mu. Ó gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1922, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1923. Ní ọdún kan náà, Peter Debye ní ilẹ̀ Yúróòpù dé orí irú ìṣirò kan náà láìgbọ́ ti Compton.

Ìjà láàárín àwọn onímọ̀

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà á. William Duane, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ní Yunifásítì Harvard, ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìwádìí tirẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì rí ohun tí Compton rí. Ó ní àlàyé tirẹ̀: pé ẹ́ksíréè a máa lé ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù jáde láti inú átọ́ọ̀mù kan, ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù náà a sì lọ kọlu átọ́ọ̀mù mìíràn, èyí tí yóò tú ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ gùn jáde. Wọ́n tún fura sí àpótí tí ó yí ẹ̀rọ Compton ká, pé bóyá láti ara rẹ̀ ni ìtànṣán àjèjì náà ti ń wá.

Ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe dára láti fi kọ́ ọmọ. Compton lọ sí Harvard láti wo iṣẹ́ Duane, ó sì pe Duane kí ó wá wo ti òun ní Yunifásítì Ṣikágò, níbi tí ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ọdún 1923. Ní ọdún 1924, níbi ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ ní ìlú Toronto ní Kánádà, àwọn méjèèjì jiyàn ní gbangba. C. V. Raman, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, wà níbẹ̀. Ó sọ fún Compton pé ó mọ iyàn jà dáadáa, ṣùgbọ́n òótọ́ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Compton àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ àpótí náà wò fúnra wọn, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe òun ni ó fa ohun tí wọ́n rí. Duane náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún àyẹ̀wò náà ṣe, ó sì rí i pé Compton ni ó tọ̀nà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Raman náà yí èrò rẹ̀ padà. Iṣẹ́ Compton wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ láti ṣàwárí tirẹ̀ ní ọdún 1928.

Àlàyé kan ṣì kù. Niels Bohr, Kramers àti Slater dábàá ní ọdún 1924 pé bóyá òfin tí ó sọ pé agbára kì í ṣègbé kò dúró nínú ìkọlù kọ̀ọ̀kan, pé nínú àpapọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkọlù nìkan ni ó ti dúró. Gẹ́gẹ́ bí èyí, ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù tí ó sún àti ìtànṣán tí ó tú ká kò ní láti jáde pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Bothe àti Geiger dán èyí wò ní Berlin, Compton àti Simon sì dán an wò ní Ṣikágò pẹ̀lú àpótí ìkúùkù tí C. T. R. Wilson ṣe, nínú èyí tí ojú lè rí ipa ọ̀nà ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1925, àyẹ̀wò méjèèjì fi hàn pé àwọn méjèèjì ń jáde pọ̀, àti pé ìṣirò agbára pé nínú ìkọlù kọ̀ọ̀kan. Bohr gba ìdájọ́ náà. Ní ọdún 1927, Compton àti Wilson jọ pín Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì.

Síbẹ̀, ìgbì kò kú. Kírísítálì tí Compton fi wọn ìtànṣán rẹ̀, nítorí pé ẹ́ksíréè ń ṣe bí ìgbì ni ó fi ṣiṣẹ́. Nínú àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ hùwà bí ìgbì, ó sì tún hùwà bí hóró. Àwọn onímọ̀ ní láti gba òótọ́ méjèèjì mú títí ìmọ̀ tuntun fi dé tí ó fún wọn láyè láti so wọ́n pọ̀.

Láti ojú ọ̀run dé ojú ogun

Ní ọdún 1932, Compton bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò káàkiri ayé láti wọn ìtànṣán tí ń ti ojú ọ̀run rọ̀ sórí ilẹ̀. Robert Millikan, tí òun náà jẹ́ ọmọ oníwàásù, gbà pé irú ìmọ́lẹ̀ kan ni ìtànṣán náà. Compton àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé ó dínkù ní àwọn ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tiwa, ju ti ìhà àríwá jíjìnnà lọ. Nítorí pé ayé fúnra rẹ̀ dà bí òòfà, tí òòfà sì lè darí ohun tí ó ní agbára iná nínú ṣùgbọ́n tí kò lè darí ìmọ́lẹ̀, èyí fi hàn pé púpọ̀ nínú ìtànṣán náà kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Compton kò kúrò nínú ìjọ. Díákónì ni ó jẹ́ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ṣikágò, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní gbangba lórí ìgbàgbọ́ àti òmìnira ọmọ ènìyàn.

A kò ní ṣe òótọ́ sí ẹ̀yin òǹkàwé bí a bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, ìjọba Amẹ́ríkà fi Compton ṣe olórí yàrá ìwádìí kan ní Ṣikágò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ara ìmúrasílẹ̀ fún bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù. Lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni Enrico Fermi ti tan iná átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Ní ọdún 1945, ó wà lára àwọn onímọ̀ mẹ́rin tí ìjọba bi léèrè ìmọ̀ràn, tí wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí ọ̀nà mìíràn tí ó lè fòpin sí ogun ju lílo bọ́ǹbù náà lọ. Ní oṣù Kẹjọ, a jù ú sórí Hiroshima àti Nagasaki, ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ṣòfò. Ọmọ obìnrin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í gbé ohun ìjà ni ó lọ́wọ́ sí èyí. Compton gbà títí dé òpin pé ó dá ẹ̀mí sí nítorí pé ó mú ogun wá sópin. Àwọn Kristẹni mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. A kò fẹ́ dá a láre, a kò sì fẹ́ dá a lẹ́bi. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹ̀rọ lè sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ènìyàn ohun tí ó yẹ kí ó fi agbára ṣe. Ẹ̀rí-ọkàn tí a kọ́ dáadáa ni iṣẹ́ yẹn wà fún, ìdí sì nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé àti ní ìwà pọ̀.

Lẹ́yìn ogun, ó di olórí Yunifásítì Washington ní St. Louis títí di ọdún 1953. Lábẹ́ rẹ̀, ó di ọdún 1952 kí ilẹ̀kùn yunifásítì náà tó ṣí pátápátá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú; àwọn kan dá a lẹ́bi pé ó pẹ́ jù. Ní ọdún 1953 kan náà ni ó ṣe ètò òkìtì tí a ń fi sí ojú ọ̀nà láti dín eré ọkọ̀ kù. Ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà yóò mọ irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ó kú ní Berkeley, ìpínlẹ̀ California, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1962. Wọ́n sì sin ín sí Wooster, ìlú tí a ti bí i.

Ohun tí ó kàn wá

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá lọ ya ẹ́ksíréè ní ilé-ìwòsàn, yóò rí i pé òṣìṣẹ́ tí ó ń ya á a máa lọ dúró sẹ́yìn ògiri tàbí kí ó wọ aṣọ tí a fi òjé sí. Ọ̀pọ̀ nínú ìtànṣán tí ó ń sá fún ni èyí tí ó kan ara aláìsàn tí ó sì tú ká, gan-an gẹ́gẹ́ bí èyí tí Compton wọ̀n ní St. Louis. Ìmọ̀ kan náà ni àwọn dókítà ń lò nígbà tí wọ́n bá fi ìtànṣán kojú àrùn jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìsìn tí bàbá rẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin òbí wa, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù gba àwọn ará Tẹsalóníkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa dán ohun gbogbo wò, kí wọ́n sì di èyí tí ó dára mú. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti sọ àlàyé ara rẹ̀ nù nítorí pé òótọ́ kò gbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ tí ìgbàgbọ́ ń béèrè. Bí ọmọ yín bá ní ẹ̀bùn físíìsì, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un, bí Elias Compton ti ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́ kí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wa má ṣe ṣófo, kí àwọn àbúrò yín lè fi ọwọ́ ara wọn dán nǹkan wò. Kí Ọlọ́run tí ó dá ìmọ́lẹ̀ jẹ́ kí tiwa máa tàn. Àmín.